Iye Tí Ayùn Bàbá Rẹ Tó

Àgọ́-Ìwòyè,
Alẹ́ Ọjọ́rú.

Àkọ́wé mi,

Ohun tí mo rí ní òwúrọ̀ òní kí oòrùn tó là dáadáa nìwọ̀nyí: ilẹ̀kùn àtíbàbà ayùn bàbá rẹ tí kò padé tán, nítorí àwọn àlejò àná kò tì í bó ṣe yẹ, ìtì igi ọ̀mọ̀ kan lórí tábìlì ayùn, tí ojú ibi tí wọ́n ti fẹ́ là á dúdú bí ìdí ìkòkò, ayùn náà fúnra rẹ̀, róbótó, ìpẹtà díẹ̀ létí rẹ̀, eyín méjì tó ti kán láti ìgbà ayé bàbá rẹ, àwọn yòókù sì pé, àmì ẹfun tí oníirin àlòkù fà sára ẹ́ńjìnnì, bẹ́líìtì tó nà gbọọrọ láti ara ẹ́ńjìnnì dé ara ayùn bí okùn tí a ń sá aṣọ sí, àti lẹ́búlẹ́bú igi, dúdú, tí kò kún ọwọ́ kan, lórí àpótí tí mo máa ń jókòó lé.

Èyí tó kẹ́yìn yẹn ni mo dúró wò pẹ́ jù. Gbogbo ọdún tí mo fi jókòó lórí àpótí yẹn, tí mo ń gba pákó bó ṣe ń jáde lẹ́yìn ayùn, lẹ́búlẹ́bú igi kò bà lé aṣọ mi rí. Abẹ́ tábìlì ló máa ń dà sí, níhà ibi tí bàbá rẹ máa ń dúró sí.

Nítorí ohun tí mo rí yìí ni mo ṣe dá títà ayùn náà dúró. Mo mọ̀ pé o kọ̀wé sí Bàbá Kékeré pé kí wọ́n tà á fún ẹnikẹ́ni tó bá dárúkọ owó, kí o lè fi gba ilé ní Ìbàdàn, kí o sì fi tọrọ ìyàwó. Oníirin àlòkù dárúkọ owó lánàá. Ọ̀la ló yẹ kó gbé lọ́rì wá kó o. Mo ti ránṣẹ́ sí i pé kó má wá. Ayùn kì í ṣe tèmi. Nígbà tí wọ́n pín ogún ní ìdí igi, ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan, ìdí ìyá rẹ ni ayùn bọ́ sí, ìdí tèmi àti ti Rálíátù àbúrò rẹ gba yàrá méjì tí à ń sùn sí. Nítorí náà n kò ní àṣẹ láti dá ẹnikẹ́ni dúró, síbẹ̀ mo dá a dúró. Jọ̀wọ́, ka lẹ́tà yìí tán kí o tó bínú.

Ẹ kú oríire iṣẹ́ tuntun. Mo fi “ẹ” kí ọ lẹ́ẹ̀kan yìí nítorí iṣẹ́ ìjọba ni. Ìwọ ọmọ tí mo bá nínú ilé, tí o ń kàwé lábẹ́ ọsàn, tí Ìyá Àgbà ní èmi ìyàwó kò gbọdọ̀ pe orúkọ rẹ nítorí o ti dé ilé ṣáájú mi, tí mo fi sọ ọ́ ní Àkọ́wé kí n tó mọ̀ bóyá ìwé náà á wọlé. Ìwé ti wọlé. Bàbá rẹ ní kí n ṣe ìyá fún ọ nígbà tí èmi fúnra mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní sẹ́kọ́ńdìrì, tí n kò tíì mọ bí a ṣe ń fi ojú ìyá wo ọmọ. Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ni mo ṣe é. Ní ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, wàá bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ kòkó àwọn àgbẹ̀ wò, wàá máa sọ pé èyí dára, èyí kò dára tó, èyí ti hu olú. Ohun tí àgbẹ̀ fi ọdún kan ṣe ni wàá fi ìṣẹ́jú kan sọ iye rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a jọ sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń mọ iye ohun. Ọ̀rọ̀ ayùn àti ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ ti wọ ara wọn lójú mi lónìí.

Èkíní. Má gbé iye lé ohunkóhun kí o tó rí i lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀.

O mọ̀ pé ọmọ Òde-Omi ni mí, àti pé bàbá tó bí mi ń gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún bíi mẹ́tàlá, ọkọ̀ méjì wà lẹ́yìn ilé wa, ó ní kí n mú èyí tí n ó máa wà lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀kan jẹ́ èyí tí ẹnì kan kùn ní ọ̀dà àwọ̀ ewé, ó ń dán. Èkejì dúdú, ara rẹ̀ kún fún ojú ẹdùn. Mo mú aláwọ̀ ewé. Bàbá mi bá mi tì í sómi, ó ní kí n wọlé kí n máa lọ. Kí n tó dé ibi tí àwọn obìnrin ti ń fọ ẹja, omi ti dé kókósẹ̀ mi, ìwé mi ti rin gbingbin, àwọn obìnrin náà sì ń rẹ́rìn-ín pé akẹ́kọ̀ọ́ ń kọ́ bí a ṣe ń rì. Nígbà tí mo padà dé etí omi, bàbá mi kàn ní, “Ṣé o ti rí ọ̀dà náà tán?” Láti ọjọ́ yẹn, ohun tí wọ́n bá gbé wá fún mi, ọ̀nà tí n ó fi tì í sómi ni mo máa ń wá ná.

Àwọn tó wá wo ayùn lánàá tì í sómi lóòótọ́. N kò ní bú wọn. Oníirin wá pẹ̀lú dírẹ́fà rẹ̀ tó mọ ẹ́ńjìnnì, Bàbá Kékeré sì wà níbẹ̀. Wọ́n da epo sí i, wọ́n fi bẹ́líìtì kọ́ ọ bí a ṣe tò ó sílẹ̀, wọ́n yí i, ó dún. Wọ́n ti ìtì ọ̀mọ̀ sí i. Kàkà kí ó là, èéfín ló ń rú. Ó ń gbé igi náà sókè bí ẹni tí kò fẹ́ jẹun. Oníirin ní ayùn ti kú, pé irin rẹ̀ nìkan ló kù tí a lè wọ̀n. Ó dárúkọ owó tí ó lè ra kẹ̀kẹ́ kan, kẹ̀kẹ́ àlòkù sì ni pẹ̀lú. Bàbá Kékeré mi orí, ó ní ohun tí ọmọ bá fẹ́ náà nìyẹn.

Ọmọ mi, oníirin kò purọ́. Irin ló mọ̀, irin ló rí. Bí o bá gbé ewúrẹ́ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ta awọ, iye awọ ni yóò sọ fún ọ, kò sì rẹ́ ọ jẹ. Ìwọ lo gbé e lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Bí àgbẹ̀ kan bá gbé kòkó wá síwájú rẹ, béèrè lọ́wọ́ ara rẹ bóyá ohun tí o mọ̀ ni ó gbé wá, àbí ohun tó jọ ohun tí o mọ̀.

Èkejì ni èyí tó ṣòro fún mi láti kọ, ṣùgbọ́n lẹ́tà yìí kò ní nítumọ̀ bí n kò bá kọ ọ́.

Nígbà tí oníirin dárúkọ owó rẹ̀ lánàá, inú mi dùn. Mo wà níbi tí mo ti ń ṣa èlùbọ́, n kò gbé orí sókè, ṣùgbọ́n inú mi dùn. Owó kẹ̀kẹ́ àlòkù, mo ní in. Mo ti ń rò ó láti ìgbà tí bàbá rẹ ti kú pé bí ayùn yẹn bá lè di tèmi, n kò ní padà sí Òde-Omi lọ gbé lẹ́yìn ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. N ó máa la pákó tí wọ́n fi ń sá kòkó, n ó máa la igi ìjókòó fún àwọn ilé ẹ̀kọ́, Rálíátù á sì máa lọ sí ilé ìwé láti ojúlé bàbá rẹ̀. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé bí ó tilẹ̀ jẹ́ òkú ayùn, n ó fi díẹ̀ lé owó oníirin, n ó rà á, n ó sì wá ẹni tí yóò jí i. Ohun tó gbé mi dé àtíbàbà ní òwúrọ̀ òní nìyẹn. Mo lọ wo ọjà tí mo fẹ́ rà ni.

Mo sì rí lẹ́búlẹ́bú igi lórí àpótí mi.

Mo tẹ̀ ba, mo wo ojú tí eyín ayùn kọ sí. Mo fi ọwọ́ yí ẹ́ńjìnnì díẹ̀, mo wo ọ̀nà tí ayùn ń bá yí. Ẹ̀yìn ni eyín ń gbé lọ kan igi. Ẹni tó bá fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gé iṣu, kò yẹ kó sọ pé ọ̀bẹ kú. Nígbà náà ni mo rántí. Bàbá rẹ kì í fi bẹ́líìtì kọ́ ọ ní gbọọrọ. Ó máa ń lọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan láàárín, kí ó gba ara rẹ̀ kọjá bí apá ẹni tó ká ọwọ́ mọ́ àyà, kí ayùn lè máa yí sí òdìkejì ẹ́ńjìnnì. Òun nìkan ló máa ń fi kọ́ ọ ní òwúrọ̀, òun ló máa ń yọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́. Kásálì tó ń bá a ṣiṣẹ́ ti lọ gé gẹdú ní ìhà Abigi kí bàbá rẹ tó kú, kò sì sí ẹlòmíràn tó fi ojú sí i.

Ayùn kò kú, Àkọ́wé. Wọ́n wọ bùbá sí i lódì ni.

Mo dúró níbẹ̀. Kò sí ẹnì kankan lójúde àyàfi adìẹ. Bàbá Kékeré ṣì ń kírun. Èmi nìkan ni mo mọ̀. Ohun tí ó yẹ kí n ṣe kí n tó lè ra ayùn yẹn ní owó kẹ̀kẹ́ kò ju kí n dákẹ́ lọ, èmi tí gbogbo ayé mọ̀ pé n kì í sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tí yóò sọ pé mo jalè. Ìwọ fúnra rẹ ì bá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo fi díẹ̀ lé owó oníirin.

Ọ̀rọ̀ ọpẹ́ yẹn ló gbá mi létí. Jẹ́ kí n sọ ohun tí bàbá rẹ sọ fún mi nígbà kan fún ọ. N kò rò pé ó sọ ọ́ fún ọ.

Kí wọ́n tó bí ọ, ọ̀dọ̀ opó kan lẹ́bàá Ìwòpin ni ó ti ra ayùn yìí. Ọkọ obìnrin náà ló ń lò ó nínú oko rẹ̀, nígbà tí ó kú, ewéko bò ó, adìẹ ń yé sábẹ́ rẹ̀. Obìnrin náà pè é ní irin lásán. Bàbá rẹ mọ ohun tó jẹ́ láti ìgbà tó ti fi àtẹ́lẹwọ́ nu eyín rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní “irin lásán ni lóòótọ́, mà,” ó sì san owó irin lásán. Wọ́n so ọkọ̀ méjì pọ̀ láti fi gbé e kọjá lórí ọ̀sà. Ó ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ fi í la igi, tí pákó bọ́ sílẹ̀ lẹ́lẹ́, ayọ̀ rẹ̀ kò pé. Ọdọọdún lẹ́yìn òjò ni ó máa ń kó pákó lọ bá obìnrin náà tún ilé ṣe láìgba kọ́bọ̀, títí obìnrin náà fi kú. Mo wí fún un pé ó ti sanwó rẹ̀ tán nìyẹn. Ó mi orí.

“Kò mọ̀ pé owó rẹ̀ ni mo ń san,” ni ó wí. “Ó ń kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó rẹ́ ẹ jẹ. Ọpẹ́ yẹn ni mi ò lè sùn sí.”

Nítorí náà, èyí tí mo fẹ́ kí o mú lọ sí Ìbàdàn nìyí: bí o bá mọ iye ohun kan, tí ẹni tó ni ín kò mọ̀, sọ fún un ná. Lẹ́yìn tí o bá ti sọ, ẹ lè wá máa nájà. Àwa Ìjẹ̀bú mọ ọjà á ná, kò sí ẹni tó ní kí a má nájà. Ṣùgbọ́n ẹni méjì tó rí ohun kan náà ló ń nájà; bí ẹnì kan bá fọ́jú, kì í ṣe ọjà ni wọ́n ń ná mọ́. Àwọn àgbẹ̀ tí yóò gbé kòkó wá sọ́dọ̀ rẹ, púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé. Ìwọ ni ojú wọn. Ẹlòmíràn yóò fẹ́ kí o dákẹ́ nígbà tó yẹ kí o sọ̀rọ̀, yóò sì rọrùn fún ọ nítorí ìwọ náà kì í ṣe aláriwo. Àwa tí a kì í sọ̀rọ̀, ó yẹ kí a máa ṣọ́ ìdákẹ́ wa.

Mo lọ bá Bàbá Kékeré. Ó ń rin orín lẹ́nu nígbà tí mo kúnlẹ̀ sọ fún un pé mo rò pé bẹ́líìtì ni kò tọ̀nà. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

“Ìyàwó,” ó ní, “wọ́n gbé ọ wá láti inú omi, o wá fẹ́ kọ́ mi ní ẹ́ńjìnnì láàárọ̀ yìí. Àna wa tó ń gbẹ́ ọkọ̀, ṣé bẹ́líìtì ló fi ń wa ọkọ̀ ni?”

N kò bá a jiyàn. Mo bi í pé nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ń la igi, ìhà wo ni lẹ́búlẹ́bú igi máa ń dà sí. Ó la ẹnu láti dáhùn, orín dúró lẹ́nu rẹ̀. Ó dìde, ó lọ sí àtíbàbà láìwọ bàtà. Nígbà tí ó padà, ó ní òun náà ti rí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀. Ìyá Àgbà ló ní kí wọ́n tọ́ bẹ́líìtì náà. Ní ọjọ́ kẹjọ tí a ṣe fídáù bàbá rẹ, ó wọ inú àtíbàbà, ó rí bẹ́líìtì tó lọ́ mọ́ ara rẹ̀ lórí ìṣó, ó ní a kì í fi ohun tó lọ́ sílẹ̀ níbi iṣẹ́ òkú, kí ọ̀nà ọmọ òun má bàa lọ́. Òun Bàbá Kékeré ló bá a tò ó gbọọrọ. Láti ìgbà náà ló ti wà bẹ́ẹ̀, wọn kò sì fọwọ́ kàn án mọ́ títí di àná.

Mo ní nígbà náà kí a lọ sọ fún Ìyá Àgbà.

“Ta ni àwa?” ni Bàbá Kékeré wí. “Ìwọ lo kàwé. Èmi kò sí nílé.” Ó sì bá ẹ̀yìnkùlé lọ lóòótọ́.

Àkọ́wé, bí ó bá di dandan pé kí o tún ohun tí àgbàlagbà ṣe ṣe, má gbé àṣìṣe rẹ̀ lọ bá a. Ohun tí o rí ni kí o gbé lọ. Mo bá Ìyá Àgbà lórí ẹní rẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo sọ ohun tí mo rí ní òwúrọ̀ bí mo ṣe sọ ọ́ fún ọ níbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan, títí mo fi dé orí lẹ́búlẹ́bú igi. N kò sọ pé ta ló tọ́ bẹ́líìtì. Ìyá Àgbà ti fọ́jú díẹ̀ ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú.

“Ṣé èmi ni mo wá ba ayùn ọmọ mi jẹ́?”

“Rárá, mà. Ẹ kò bà á jẹ́. Ẹ tọ́ ọ jù ni.”

Mo rò pé inú bí i. Ó ń fi ìka ka ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà rẹ̀ láìgbé ètè. Lẹ́yìn náà ó bi mí pé ó tó ìgbà wo báyìí tí bàbá rẹ ti lọ. Mo ní ó ti ju ọdún kan lọ.

“Ó yẹ kó ti dé,” ni ó wí. “Ẹ lọ lọ́ ọ padà.”

Bí mo ṣe fẹ́ dìde, ó tún sọ̀rọ̀, pé bí oníirin yẹn bá tún yọjú, kó wá wọn òun náà wò, nítorí egungun òun ti di irin. Mo rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ojú wa sì ti tutù.

Bàbá Kékeré jáde láti ibi tó lọ. A lọ́ bẹ́líìtì náà lẹ́ẹ̀kan láàárín, a fi gíríìsì sí ibi tó yẹ, ó yí ẹ́ńjìnnì, èmi lọ sí ẹ̀yìn tábìlì níbi àpótí mi. Ó ti ìtì ọ̀mọ̀ kan náà sí i, níhà tí kò jó. Àkọ́wé, mi ò mọ bí n ó ṣe sọ ìró yẹn fún ọ ní ìwé. Ìwọ náà dàgbà sínú rẹ̀. Pákó bọ́ sọ́wọ́ mi, ó gbóná, ó ń rùn bí igi tútù. Aṣọ mi mọ́ tónítóní.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ẹni tó ń sáré bọ̀. Bàbá Aládùúrà tó ń gbé ní ojúlé kejì ni, pẹ̀lú aṣọ funfun rẹ̀ àti ẹsẹ̀ lásán, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní, “Ta ló kú?”

Ẹnu yà mí, kí n tó rántí pé ní ìgbà tí sọ́mìlì ti pọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, tí iṣẹ́ ayùn bàbá rẹ ti ń dínkù, iṣẹ́ tí àdúgbò mọ̀ ọ́n mọ́ jù ni pákó ibojì. Ìmàle tó fẹ́ pákó tí wọ́n ń tẹ́ lé òkú lórí nínú sàárè, ọmọ ìjọ tó fẹ́ pósí, ẹnikẹ́ni tó bá kan ilẹ̀kùn, bàbá rẹ kì í gba owó. Ẹni tó kú ní òjijì kò ní láti dúró de lọ́rì Ìjẹ̀bú-Igbó. Nígbà tí a sọ fún Bàbá Aládùúrà pé kò sí ẹni tó kú, ó jókòó sílẹ̀ lórí ìtì igi, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a tún dẹ́rù ba òun bẹ́ẹ̀ mọ́. Ó wá ní láti ìgbà tí ayùn náà ti dákẹ́, nígbà tí ìyá ìyàwó òun kú, ilẹ̀kùn ilé ni àwọn tú kan pósí. N kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bóyá ìwọ náà kò mọ̀. Kò sí oníirin tàbí onísọ́mìlì tí yóò ka ìyẹn mọ́ iye ayùn. Ìwọ ni kí o pinnu bóyá kí o kà á mọ́ ọn.

Ní ọ̀sán, Bàbá Kékeré lọ mú Ọ̀gá Dàúdà onísọ́mìlì wá láti Ìjẹ̀bú-Igbó. Ọ̀gá Dàúdà ní kí a pa ẹ́ńjìnnì, ó fi ọwọ́ yí ayùn, ó gbé etí lé e bí ẹni tó ń gbọ́ àyà ọmọ. Ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ibi tí ọ̀pá rẹ̀ ti ń yí bóyá ó gbóná. Ó ka eyín. Ó ní kí a tan án, ó la igi ìrókò gbígbẹ kan tó rí nílẹ̀, kò sì wo pákó náà, bẹ́líìtì ló ń wò. Lẹ́yìn náà ló bu omi mu, ó dárúkọ owó. Owó tó lè kan páànù sí gbogbo òrùlé ilé bàbá rẹ ni. Ó ní òun kò ní fi kún un, kò sì ní yọ nínú rẹ̀. Pé ní ọdún díẹ̀ sí i, kò sí ẹni tí yóò béèrè ayùn olóbẹ́líìtì mọ́, nítorí náà kí o má rò pé ó ń dàgbà bí igi. Mo bi í bóyá yóò máa la pákó ibojì fún àwọn ará ibí lọ́fẹ̀ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òkú Ìjẹ̀bú-Igbó nìkan ti pọ̀ ju agbára òun lọ. Olóòótọ́ ènìyàn ni. Bí o bá gbà, yóò wá kó o ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, owó rẹ á sì pé lọ́wọ́ rẹ kí oṣù yìí tó parí.

O ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Mo fi iye tó ga jù ṣáájú, kí n tó sọ èyí tó kù, kí ó má bàa dà bíi pé mo fi í pamọ́.

Èmi náà fẹ́ rà á. Owó Ọ̀gá Dàúdà ni n ó san, kò ní dín. N kò lè san án lẹ́ẹ̀kan náà. N ó san èyí tó wà lọ́wọ́ mi nísinsìnyí, n ó sì máa fi ìyókù ránṣẹ́ lẹ́yìn ìkórè kòkó kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ pé èyí yóò mú kí ọ̀rọ̀ ilé gbígbà pẹ́, mo sì mọ̀ pé àwọn òbí ọmọbìnrin náà kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Má wo ojú mi. Má rò ó pé, “Ó tọ́ mi dàgbà, báwo ni n ó ṣe kọ̀ fún un?” Ohun tí mo ṣe fún ọ kì í ṣe owó tí mo fi sí ìpamọ́. Bí o bá ní kí Ọ̀gá Dàúdà gbé e, èmi ni n ó dúró tì í bí wọ́n ṣe ń tú u, kí wọ́n má fọ́ ọ, n kò sì ní sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́ láéláé. Èmi àti Rálíátù á rí ọ̀nà. Òde-Omi kì í ṣe ìlú búburú.

Nǹkan kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ ọ́ fún. Ìdáhùn rẹ, ìwọ fúnra rẹ ni kí o kọ ọ́, kí o kọ ọ́ sí mi tààrà, kí ó má gba ẹnu ẹnikẹ́ni. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, kọ “bẹ́ẹ̀ kọ́.” N ó mọ̀ nígbà náà pé ọkùnrin tó lè sọ iye ohun lójú ẹni tó fẹ́ràn ni ìjọba gbà síṣẹ́.

Máa jẹun kí o tó jáde. Má fi ìrun Àsùbáà jẹ oorun. Bí àgbẹ̀ bá gbé adìẹ wá fún ọ, dá a padà pẹ̀lú ẹ̀rín, kí ojú má tì í. Bá mi kí ọmọbìnrin náà. Ìyá Àgbà ní kí o mú un wá kí etí òun gbọ́ ohùn rẹ̀. Kí Ọlọ́run ṣí ọ lójú, kí ó má fi ojú rẹ ṣe ìkà.

Èmi ni,
Ìyá Rálíátù.

Òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀. Mo ń fi lẹ́tà yìí rán dírẹ́fà tó ń lọ sí Ìbàdàn, ó ti ń fọn fèrè. Oníirin kò wá. Agogo mọ́kànlá kọjá díẹ̀ ni mo tó dùbúlẹ̀ lánàá, mo sì sùn.